Bọ́ọ̀dù Ẹ̀gbẹ́ Ilé Oúnjẹ

Ní ọdún 1986 tí mo wọ yunifásítì, ìwé ìròyìn tí a kọ́kọ́ ń kà lówùúrọ̀ kì í ṣe èyí tí fẹ́ńdọ̀ ń tà lẹ́nu géètì. Ara ògiri ló wà. Pákó gbọọrọ kan ni, wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé oúnjẹ, wọ́n sì fi páànù bò ó lórí kí òjò má baà bà á jẹ́. Bọ́ọ̀dù la ń pè é. Òru ọjọ́ Àìkú ni àwa tí wọ́n ń pè ní "press" máa ń lẹ páálí funfun mọ́ ọn, máákà pupa fún àkọlé, dúdú fún ọ̀rọ̀. Gọ́ọ̀mù wọ́n, ògì gbígbóná la fi ń lẹ̀ ẹ́, nítorí náà tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ewúrẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú ọgbà á ti jẹ igun kan nínú ìròyìn wa. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń sọ pé nínú gbogbo àwọn tó láṣẹ nínú ọgbà yẹn, ewúrẹ́ nìkan ló ń ka ohun tí a kọ tán.

Èmi àti ọmọbìnrin kan péré ni obìnrin nínú press. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ti géètì họ́stẹ́ẹ̀lì wa. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, ká bẹ pọ́tà, tàbí ká sun orí bẹ́ńṣì nínú kíláàsì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn ọkùnrin kò mọ̀ pé èyí wà. Lójú tiwọn, orí páálí ni òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀dọ̀ pọ́tà ni.

Ìlú tí a bá nígbà náà kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń la ẹnu gbẹ̀ẹ̀ sọ̀rọ̀. A ṣì ń rántí Dìkírì 4 ti ọdún 1984, tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé ìròyìn tó lè kó ìtìjú bá òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n sì fi sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn Guardian sẹ́wọ̀n. Ọ̀gágun Babangida fagi lé e nígbà tó gbàjọba ní 1985, inú àwọn oníròyìn sì dùn. Ṣùgbọ́n Dìkírì 2, èyí tí wọ́n fi ń ti èèyàn mọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́, kò kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Ẹ̀bìbí, 1986, àwọn ọlọ́pàá kògbérégbè wọ ọgbà Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 19, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún kan náà, bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa oníròyìn Délé Gíwá nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Kò pẹ́ tí a wọlé nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wa ò tíì mọ ọ̀nà láìbréérì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ìwé ìròyìn rẹ̀, Newswatch, pa fún oṣù mẹ́fà.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀dù fi lè sọ ohun tí Newswatch kò lè sọ? Ìwé ìròyìn ní àdírẹ́sì. Ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí sọ́jà lè ti ìlẹ̀kùn mọ́, ó ní olówó tí wọ́n lè halẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀dù kò ní ju pákó àti ìṣó lọ. Bí wọ́n bá fa páálí ya láàárọ̀, a ó lẹ òmíràn lálẹ́.

Ohun mìíràn tún wà lẹ́yìn wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pẹ́ máa ń pe orúkọ àwọn tó ti kú fún àwa jámbàìtì, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, bí ẹni ń ki oríkì. Kúnlé Adépéjù, tí ìbọn ọlọ́pàá pa ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọjọ́ kìíní, oṣù Èrèlé, 1971. Akíntúndé Òjò, tó kú ní Èkó ní 1978, nígbà tí ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní kọ́bọ̀ 50 lójúmọ́, tó sọ ọ́ di náírà kan ààbọ̀, tí gbogbo yunifásítì sì gbé e pé kí Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, kó ẹrù rẹ̀. Ṣẹ́gun Òkéowó ló ń darí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà nígbà náà. Wọ́n lé e kúrò ní yunifásítì, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ náà. Àwọn olùkọ́ pàápàá jẹ nínú ìyà náà. Ọlá Òní àti Bádé Onímọ̀dẹ ní Ìbàdàn, Edwin Madunagu àti ìyàwó rẹ̀ Bene ní Calabar, gbogbo wọn pàdánù iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ kí àwọn abẹnugan ẹgbẹ́ sọ rí: láti ìdí ìkòkò ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bẹ̀rẹ̀ ìjà 1971. Oúnjẹ náà ló bẹ̀rẹ̀ ti 1978. Nígbà tí ó máa fi di àkókò tiwa, ìjọba ti yọ ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ pátápátá, sítóòfù ìdáná wà lábẹ́ gbogbo bẹ́ẹ̀dì, a sì ń jẹ "òdo-ení-òdo": kò sí ti àárọ̀, ọ̀sán ló wà, kò sí ti alẹ́. Àwọn tó ń kọ àpilẹ̀kọ gígùn nípa Marx lórí bọ́ọ̀dù máa ń fojú kéré ẹni tó bá kọ nípa iye tí kóńgò gààrí dé. Èmi kò fojú kéré rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa tó sì dìde láti sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó fi ebi pa á ti sọ gbogbo ohun tó yẹ ká dáàbò bò.

Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀dù, ìwé pélébé wà. Èyí le jù. Ẹ̀rọ táípì la fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sára stencil, bí lẹ́tà kan bá ṣì, a ó fi oje pupa kan tí òórùn rẹ̀ ń gúnni nímú pa á rẹ́, a ó wá gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń yí i. Ìyá kan tó jẹ́ táípísì ní ọ́fíìsì kan ló máa ń bá wa ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́. Kì í wo ohun tó wà níbẹ̀.

"Ẹ má sọ fún mi o," ni yóò wí. "Ọmọ méje ni mo bí. Bí wọ́n bá bi mí, ìwé ìsìn ìyàsímímọ́ ni mo tẹ̀ fún yín."

"A gbọ́, Mà."

"Kí ẹ sì rí i pé ó jọ ìwé ìsìn."

Kò pẹ́ tí a fi mọ ewu tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Gbogbo ẹ̀rọ táípì ló ní àléébù tirẹ̀, lẹ́tà kan á dí, òmíràn á fò sókè díẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìwé pélébé sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà ọ́fíìsì á mọ ibi tó ti wá. Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń kó lẹ́tà jọ káàkiri, a dá ìyá náà sí. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ la fi ń kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá, kí ìkọ̀wé ẹnì kankan má baà hàn.

Bí mo bá dúró níbí, á jọ pé ìjọba àti àwọn aláṣẹ nìkan ló ń di èèyàn lẹ́nu. Irọ́ ni. Ẹ wá wo kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì.

Ẹni tí kò bá rí kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ ní àkókò yẹn kò lè mọ bó ṣe rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lórí pápá, ìlù àwọn ọmọ gyration, orin tí ń gbé ara sókè, ẹnì kan lórí tábìlì pẹ̀lú mẹgafóònù. "Aluta!" "Continua!" Ara èèyàn á bù máṣọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Igbe, 1988, ìjọba fi owó lé epo bẹntiróò, láti kọ́bọ̀ 39.5 sí kọ́bọ̀ 42 lítà kan. Ìwọ́de bẹ̀rẹ̀ ní Jos, ó sì ràn. Àwa náà péjọ. Gbogbo ẹni tó gba mẹgafóònù ló ní ká jáde lọ́la. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀ka ọrọ̀-ajé na ọwọ́ sókè, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní òun náà lòdì sí owó epo, àmọ́ bí a bá jáde wọn á tì wá sílé, ọdún yìí á sì bàjẹ́. Kí a kọ́kọ́ bá àwọn awakọ̀ àti àwọn obìnrin ọjà sọ̀rọ̀, kí ó má jẹ́ pé àwa nìkan ló máa dúró síwájú ìbọn.

Kò sọ ọ́ tán. "Éjẹ́ńtì ìjọba!" ni ẹnì kan pariwo. Ariwo gba gbogbo pápá. Wọ́n fa mẹgafóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan da omi sí i lára. Ààrẹ ẹgbẹ́ wa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n kùn mọ́ òun náà. Ọmọ náà rọra fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu ojú, ó sì jókòó. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi jáde, mi ò tún rí ẹni tó dìde ní kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì láti tako ohun tí èrò ti fẹ́. A ń dìbò nípa gbígbé ọwọ́ sókè, gbogbo ọwọ́ ló sì ń gòkè. Obìnrin kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rárá, nítorí bí ó bá ti gba mẹgafóònù, súfèé ni wọ́n á fi kí i.

Orí bọ́ọ̀dù pàápàá ní ìwà burúkú tirẹ̀. Páálí kan wà tí wọ́n ń pè ní Amẹ́bọ, àwọn èèyàn sì ń ka Amẹ́bọ ṣáájú ohunkóhun. Ọjọ́ kan ni wọ́n kọ orúkọ ọmọbìnrin kan láti họ́stẹ́ẹ̀lì wa síbẹ̀, pé àgbàlagbà ọkùnrin kan tó ní mọ́tò ló ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó wá bẹ̀ ẹ́ wò ló kà á. Ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò padà ní sẹ̀mẹ́sítà yẹn. Nígbà tí a ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, àwọn ọkùnrin inú press ní àbí a fẹ́ gbé Dìkírì 4 wọlé ni? Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n kọ nípa òun, kó má ṣe ohun tó ṣeé kọ. Èkejì mi, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, bi wọ́n pé nínú gbogbo Amẹ́bọ ọdún méjì, ọkùnrin mélòó ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n dákẹ́. A jà títí di àfẹ̀mọ́júmọ́.

Òfin tí a gbé jáde níbẹ̀, mo ṣì ń fi yangàn. Ẹni tó bá kọ nǹkan, kó fi orúkọ rẹ̀ gidi sọ́wọ́ olóòtú, bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ kó hàn. Ẹni tí a bá dárúkọ, ká kọ́kọ́ lọ bi í. Ìdáhùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀sùn, páálí kan náà, ìwọ̀n kan náà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Amẹ́bọ kú láàárín oṣù kan, kò sẹ́ni tó pa á. Àwọn tó ń kọ ọ́ kò fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ ni.

Òfin yìí náà ló kó wa sí wàhálà. A kọ nípa owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ilé ìwòsàn tí kò sí oògùn níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin wa, a kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó kàn, a ní kí wọ́n fún wa ní ìdáhùn. Wọn kò fèsì. A lẹ àpilẹ̀kọ náà, a sì lẹ páálí funfun báláú kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orúkọ ọ́fíìsì náà lókè, kò sí ohunkóhun nísàlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti ẹ̀ka mìíràn láti wá wò ó. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àpilẹ̀kọ tó kún fún èébú, àwọn aláṣẹ á fojú fò ó. Páálí tí kò sọ nǹkan kan ló gbé wa dé iwájú páńẹ́lì.

"Kí ni ìtumọ̀ páálí yìí?" ni alága bi olóòtú wa.

"Kò sí ohun tí a kọ sí i, sà."

"Mo rí i pé kò sí ohun tí ẹ kọ sí i! Kí lẹ ní lọ́kàn?"

"Ààyè ìdáhùn yín ni, sà."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń rú èrò sókè. Olóòtú wa lọ sílé fún sẹ̀mẹ́sítà kan, àwa yòókù gba lẹ́tà ìkìlọ̀. Nínú àwọn tó jókòó sí tábìlì yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló bá wa sọ̀rọ̀, olùkọ́ kan tí wọ́n ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe àkókò tó rọrùn fún àwọn bíi tirẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, 1988, wọ́n gbé Patrick Wilmot, ọmọ Jàmáíkà tó ń kọ́ni ní Zaria, sínú bàálù, wọ́n sì lé e kúrò ní Nàìjíríà. Ní oṣù Agẹmọ, wọ́n fòfin de ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀. Mo mọ ohun tí ó ná ọkùnrin náà láti la ẹnu lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni 1989 dé. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti sọ náírà di bébà. Ní oṣù Ẹ̀bìbí, ìwé pélébé kan ń lọ káàkiri pé ìwé ìròyìn Ebony ti Amẹ́ríkà ti ka iye owó tí Babangida kó pamọ́ sókè òkun. Wọ́n gbé e wá fún wa pé ká kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù. A ní kí wọ́n mú Ebony náà wá. Kò sẹ́ni tó ní i. Kò sẹ́ni tó rí ẹni tó rí i. A kò lẹ̀ ẹ́, lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fọ́ bọ́ọ̀dù. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ló fọ́ ọ. Ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kò ṣe rí.

Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn sọ pé irọ́ ló dá ìjà 1989 sílẹ̀. Mi ò gbà. Bóyá ìwé pélébé yẹn ló ṣáná sí i, ṣùgbọ́n igi ti gbẹ tipẹ́. Àwọn tó jáde ní Benin, Ìbàdàn àti Èkó mọ iye tí wọ́n ń ra búrẹ́dì. Ìbọn dún, èèyàn kú. Wọ́n gbé agbẹjọ́rò Gàní Fawehinmi lọ sẹ́wọ̀n Gashua, lápá àríwá pátápátá, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ yunifásítì pa fún oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wá gbé ètò ìrọ̀rùn SAP jáde, tó fi hàn pé òun náà mọ̀ pé ebi ń pa ìlú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣílé-ìwé wa padà, fọ́ọ̀mù kan dé ilé: kí òbí fọwọ́ sí i pé ọmọ òun kò ní lọ́wọ́ nínú ìwọ́de, kò sì ní sọ tàbí kọ ohunkóhun lòdì sí aláṣẹ. Bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kí ó tó fẹ̀yìn tì, pè mí sí pálọ̀.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Ó dáa. Ohun tí ẹ kọ nípa ilé ìwòsàn yẹn, òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà."

Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú báírò pupa tó máa ń fi máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ "lòdì sí aláṣẹ" sí, ó fi kún un pé "àyàfi tí ó bá jẹ́ òtítọ́". Ó fọwọ́ sí i. Mo gbé e lọ pẹ̀lú àyà jíjá. Akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ mi kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ibi ìfọwọ́sí ló wò, ó gbé e lé orí òkìtì àwọn tó kù.

Ọgbà tí a padà sí ti yàtọ̀. Dìkírì 47 ti 1989 ti jáde: ẹni tó bá wù ló ń wọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àwọn aláṣẹ sì lè fòfin de ẹgbẹ́ tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù tuntun, ó lẹ́wà ju ti àtijọ́ lọ. Ó ní gíláàsì àti kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìpè sí ìsọjí ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn sì ń pọ̀ sí i. Àwọn kan á sọ pé mò ń so ohun tí kò jọra pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nìyí: bí àwọn tó ń jà pẹ̀lú páálí ní ọ̀sán ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń jà pẹ̀lú àáké lóru ń gbilẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù Agẹmọ, 1999, mo ti kúrò ní ilé-ìwé tipẹ́ nígbà tí rédíò sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ni George Iwilade, tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba alágbádá kò tíì pé oṣù méjì.

Ìjọba ológun lọ, àṣà náà kò bá wọn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn ní 2016 nípa ìṣòro ilé gbígbé. Ní 2018 ni wọ́n dá a dúró lẹ́nu ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀. Nísinsìnyí, WhatsApp ni bọ́ọ̀dù.

Ọmọ ẹ̀ka ọrọ̀-ajé tí wọ́n da omi sí lára yẹn ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ní yunifásítì mìíràn. A pàdé níbi ìsìnkú kan lọ́dún tó kọjá, ó sì sọ fún mi pé òun wà nínú páńẹ́lì tó ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kọ nǹkan nípa olùkọ́ rẹ̀ sórí fóònù. Mo rán an létí kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì 1988. Ó ní òun kò gbàgbé, ìdí nìyẹn tí òun kò fi fẹ́ràn ariwo. Ó ní bọ́ọ̀dù tiwa kò kọjá ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yìí kọ láàárọ̀, ìyàwó olùkọ́ náà kà á ní London kó tó di ọ̀sán. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí olùkọ́ náà dáhùn níbi kan náà. Ó ní ta ló ń ka ìdáhùn? Ibẹ̀ ló ti mú mi díẹ̀, nítorí òótọ́ ni, mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè lẹ páálí méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí fóònù.

Mo wá bi í bóyá wọ́n ti ṣèwádìí bóyá òótọ́ ni ohun tí ọmọ náà kọ.

Ó ní ìyẹn kò sí nínú ẹ̀sùn.